Jane Austen, Òǹkọ̀wé Ìwà Inú Ilé

Abẹ́rẹ́ kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí ọkàn mi nígbàkígbà tí mo bá ronú nípa Jane Austen, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1775, tí ó sì kú ní ọdún 1817. Ìgbà rúkèrúdò ni ó gbé ayé. Ní ọdún 1789 ni àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn. Láti ọdún 1793 títí di ọdún 1815, àfi ìsinmi díẹ̀ láàárín, ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé fi bá ara wọn jagun lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Ẹni tí ó bá ka ìtàn àkókò náà yóò pàdé orúkọ Napoleon, yóò pàdé ti Nelson, yóò sì pàdé ti Wellington. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí ìwé Jane Austen, kì yóò gbọ́ ìró ìbọn níbẹ̀. Bí ọmọ ogun bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ibi ijó tàbí ibi àlejò ni a ó ti rí i, kì í ṣe ojú ogun. Ìyá tí ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀ ni a ó bá níbẹ̀, àti àbúrò tí ń jowú ẹ̀gbọ́n, àti opó tí ń ṣírò owó díẹ̀ tí ó kù sí i lọ́wọ́.

Nítorí èyí ni àwọn kan fi sọ pé ohun kékeré ni ó kọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ogun a máa dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ti ilé. Bí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n ìwà ènìyàn, kí a má ṣe wo bí ó ti ń ṣe sí ẹni tí ó jù ú lọ, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni í dára níwájú ọba. Kí a wo bí ó ti ń ṣe sí ẹni tí ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, tí kò ní ibòmíràn láti lọ. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo rí nínú àwọn ìwé Jane Austen. Ó sì mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí pé abẹ́ ẹlòmíràn ni òun fúnra rẹ̀ gbé ní ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1775, ni a bí Jane ní abúlé Steventon, ní agbègbè Hampshire, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. George Austen, baba rẹ̀, ni àlùfáà ìjọ abúlé náà. Ọmọ mẹ́jọ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ọkùnrin mẹ́fà àti obìnrin méjì. Jane ni ìkeje wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Cassandra, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ títí dé ojú ikú. Owó tí ń wọlé fún àlùfáà yìí kò tó ẹnu tí ó ń bọ́. Nítorí náà ó ń dáko, ó sì ń gba àwọn ọmọkùnrin sínú ilé rẹ̀ láti máa kọ́ wọn ní ìwé. Bí ilé náà ti jẹ́ ilé àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ ilé-ìwé.

Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé tí Jane alára rí gbà kò tó nǹkan. Ní ọdún 1783, a rán òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Oxford, ẹni tí ó kó wọn lọ sí Southampton. Níbẹ̀ ni ibà kan tí ń ràn gbé mú Jane; díẹ̀ ni ó kù kí ó pa á. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní ìlú Reading, ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 1786 wọ́n ti padà sílé, Jane kò sì tún wọ ilé-ìwé kankan mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Oxford, níbi tí baba rẹ̀ àti méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kàwé, kò gba obìnrin rárá nígbà náà.

Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ní ìwé bí 500 nínú ilé, kò sì ti ilẹ̀kùn wọn mọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Jane kà wọ́n ní àkàtúnkà. Nígbà tí ó di bí ọmọ ọdún méjìlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ àwọn ìtàn apanilẹ́rìn-ín fún ìdárayá àwọn ará ilé. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta tí ó da àwọn ìtàn náà kọ sí wà ní ìpamọ́ títí di òní.

Ìpín Ọkùnrin àti Ìpín Obìnrin

Kí a tó lè mọ ohun tí ó mú Jane kọ irú ìtàn tí ó kọ, ó yẹ kí a mọ bí òfin àti àṣà ti rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé rẹ̀. Ilẹ̀ àti ilé ńlá, ọmọkùnrin ni ó sábà máa ń jogún rẹ̀. A tilẹ̀ lè fi òfin so ilẹ̀ mọ́ ìran ọkùnrin tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí baba bá bí ọmọbìnrin márùn-ún láìbí ọkùnrin kan, ìbátan ọkùnrin tí ó súnmọ́ ọn jù ni yóò gba ilé náà ní ọjọ́ tí baba bá kú. Obìnrin tí ó bá wọ ilé ọkọ, ohun ìní rẹ̀ di ti ọkọ, àfi bí a bá ti ṣe ìwé àdéhùn fún un ṣáájú. Ọmọbìnrin ilé tí a ń bọlá fún, bí kò bá lọ́kọ tí kò sì lówó, iṣẹ́ tí ó kù fún un kò ju kí ó máa kọ́ ọmọ olówó nínú ilé olówó, níbi tí kò ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará ilé, tí kò sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́.

Ẹ wo bí ó ti rí nínú ilé Austen. James, àkọ́bí, di àlùfáà bí baba rẹ̀. Edward ní oríire: ìbátan wọn olówó kan tí ń jẹ́ Knight, tí kò bímọ, gbà á ṣe ọmọ, ó sì jogún ilé ńlá àti ilẹ̀ púpọ̀ ní Kent àti ní Hampshire. Henry di oníbáńkì. Francis àti Charles wọ iṣẹ́ ogun ojú omi láti ìgbà èwe, àwọn méjèèjì sì di ọ̀gágun àgbà níkẹyìn. George nìkan ni kò rí irú èyí ṣe, nítorí àìlera. Ìta ni a ti tọ́jú rẹ̀. Cassandra àti Jane ńkọ́? Owó ọwọ́ baba ni wọ́n ń ná nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọkùnrin bá yọ̀ǹda ni wọn yóò máa gbé ọkàn lé. Cassandra ní àfẹ́sọ́nà, ọ̀dọ́ àlùfáà kan, ṣùgbọ́n ibà pa á ní àwọn erékùṣù Káríbíánì ní ọdún 1797. Cassandra kò sì fẹ́ ẹlòmíràn mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún Jane. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ọdún 1802, Harris Bigg-Wither, ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò jogún ilé ńlá Manydown, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fẹ́ òun. Jane gbà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ro ohun tí gbígbà náà jásí: ilé tirẹ̀, oúnjẹ títí ọjọ́ alẹ́, àti ààbò fún ìyá àti ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ fún ọkùnrin náà pé òun kò lè ṣe é mọ́, ó sì kúrò nínú ilé náà lójú ẹsẹ̀. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, nínú lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe wọ ilé ọkọ láìsí ìfẹ́. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ iye ohun tí ó sọ nù ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó ti san owó ìmọ̀ràn náà kí ó tó fi í fún ẹlòmíràn.

Ọdún Sùúrù

Láàárín ọdún 1796 àti ọdún 1797, Jane kọ ìtàn kan parí. Inú baba rẹ̀ dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ̀wé sí òǹtẹ̀wé kan ní London ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1797, láti béèrè bí yóò bá fẹ́ wò ó. Òǹtẹ̀wé náà kò tilẹ̀ ní kí a fi ìwé náà ránṣẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Kíá ni ó dá èsì padà pé òun kò fẹ́. Ní ọdún 1803, Jane ta ìtàn mìíràn fún òǹtẹ̀wé mìíràn ní pọ́n-ùn mẹ́wàá. Ọkùnrin náà san owó, ó gba ìwé, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ọdún mẹ́fà kọjá, Jane kọ̀wé sí i láti béèrè. Èsì tí ó rí gbà ni pé òǹtẹ̀wé náà kò dá ìgbà kankan tí òun yóò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fẹ́ gbà á padà, kí ó san pọ́n-ùn mẹ́wàá rẹ̀. Ọdún 1816 ni ìwé náà tó padà sọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹbí rẹ̀ ti sọ ọ́, ìgbà tí Henry ti san owó náà tán ni ó tó sọ fún òǹtẹ̀wé pé ẹni tí ó kọ ìwé yìí náà ni ó kọ àwọn ìwé tí gbogbo ayé ń kà.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìyà ti jẹ wọ́n. Ní ọdún 1801 ni baba wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì kó ìyàwó àti ọmọbìnrin méjèèjì lọ sí ìlú Bath. James gba ipò rẹ̀ ní Steventon. A ta ẹrù ilé, a sì ta àwọn ìwé tí Jane ti kà dàgbà. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1805, baba kú, owó oṣù àlùfáà sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, owó tí àwọn ọmọkùnrin ń dá jọ ni opó náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ń gbé ayé. Wọ́n kó láti ilé háyà dé ilé háyà. Wọ́n bá Francis gbé ní Southampton. Wọ́n sì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ìbátan kan dé òmíràn. Ìtàn kan tí Jane bẹ̀rẹ̀ ní Bath, kò parí rẹ̀ títí ó fi kú. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò sùn ní oṣù tí ń bọ̀, ó ṣòro fún un láti jókòó ti ìwé.

Ní ọdún 1809, Edward, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olówó, fún wọn ní ilé kan lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní abúlé Chawton. Ìyá, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, àti Martha Lloyd, ọ̀rẹ́ wọn, ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀. Cassandra àti Martha gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ilé ṣe. Oúnjẹ òwúrọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Jane. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ìparí ọdún 1869, sọ pé inú yàrá tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá ni ó ti ń kọ̀wé, lórí pépà kéékèèké tí ó rọrùn láti fi pamọ́ bí àlejò bá dé. Ilẹ̀kùn kan wà tí ń dún bí a bá ṣí i. Jane kò jẹ́ kí a tún un ṣe, nítorí pé ìró rẹ̀ ni ó ń kìlọ̀ fún un pé ènìyàn ń bọ̀. Òun kò ní yàrá ìkọ̀wé, kò sì dúró de ìgbà tí yóò ní.

Bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Ní ọdún 1811, nígbà tí Jane jẹ́ ẹni ọdún 35, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Sense and Sensibility, jáde. Òun ni ó gba ewu ìnáwó rẹ̀ sọ́rùn. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára ìwé náà. Ohun tí a kọ síbẹ̀ kò ju pé obìnrin ọlọ́lá kan ni ó kọ ọ́. Èrè tí ó rí nínú rẹ̀ jẹ́ 140 pọ́n-ùn. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1813, Pride and Prejudice jáde. Ìtàn tí òǹtẹ̀wé kọ̀ láìwò ní ọdún 1797 ni èyí, tí Jane ti tún kọ. 110 pọ́n-ùn ni ó tà á, ó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí a ń kà jù lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mansfield Park tẹ̀lé e ní ọdún 1814, Emma sì jáde ní oṣù Kejìlá, ọdún 1815.

Òṣùwọ̀n Ìwà Nínú Àwọn Ìwé Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó fi kọ́ni nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Sense and Sensibility, baba kan ń kú lọ. Ó pe John, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ti lówó tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tọ́jú ìyàwó òun kejì àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí obìnrin náà bí. John ṣèlérí. Nínú ọkàn rẹ̀ ó pinnu láti fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní 1,000 pọ́n-ùn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣé kì yóò gba ọmọ tiwọn lẹ́nu? Wọ́n bù ú kù sí 500. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó sàn kí a máa fún ìyá wọn ní 100 lọ́dọọdún. Wọ́n tún rò ó pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ láyé jù. Wọ́n ní kí a fún wọn ní 50 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé ohun tí baba ní lọ́kàn kò ju kí a bá wọn gbé ẹrù wọn, kí a sì fi ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní àsìkò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kò sí ẹni tí ó jalè nínú yàrá náà, kò sì sí ẹni tí ó pariwo. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó tán, a ti ja opó àti ọmọ òrukàn lólè, ọkàn àwọn tí ó ṣe é sì balẹ̀ pé ènìyàn rere ni àwọn.

Nínú Pride and Prejudice, ilé Bennet ní ọmọbìnrin márùn-ún, òfin sì ti so ilé wọn mọ́ ìbátan ọkùnrin kan, Ọ̀gbẹ́ni Collins, agbéraga aláìgbọ́n. Collins fẹ́ fi Elizabeth ṣe aya, Elizabeth kọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi lọ bá Charlotte, ọ̀rẹ́ Elizabeth, ẹni ọdún 27 tí kò lówó, Charlotte sì gbà. Jane Austen kò bú Charlotte. Ó jẹ́ kí a rí i pé ó mọ ohun tí ó ń rà àti iye tí ó san. Ṣùgbọ́n nígbà tí Darcy, ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ 10,000 pọ́n-ùn lọ́dún, fi ìgbéraga bẹ Elizabeth, Elizabeth kọ òun náà, ó sì sọ fún un pé kò hùwà bí ọmọlúwàbí. Ọ̀rọ̀ náà dun Darcy, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀kọ́. Ìgbà tí ìwà rẹ̀ yí padà ni ó tó rí Elizabeth fẹ́.

Nínú Mansfield Park, a mú ọmọ tálákà kan, Fanny Price, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wá sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó fẹ́ olówó. Wọ́n fún un ní oúnjẹ àti aṣọ, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ìbátan kan ń rán an létí pé kò dọ́gba pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé. Yàrá kékeré kan wà tí ó ti máa ń jókòó. Obìnrin yìí pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ dáná níbẹ̀, bí òtútù ti wù kí ó mú tó. Ọdún púpọ̀ kọjá kí olórí ilé, Sir Thomas, tó wọ yàrá náà lọ́jọ́ kan tí yìnyín bo ilẹ̀, tí ó sì rí i pé kò sí iná. Ó gbé ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ náà, kò sì mọ̀ pé òtútù ń mú un.

Ohun kan tún wà nínú ìwé yìí tí ó kan ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Sir Thomas ní oko ní erékùṣù Antigua, níbi tí ó jẹ́ pé àwọn ènìyàn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, àti àwọn ọmọ wọn, ni ń ṣiṣẹ́ oko. Ní ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti wà lóko kò bọ́ títí di ọdún 1834. Nínú ìtàn náà, Fanny, ẹni tí kò lẹ́nu nínú ilé, ni ó bi Sir Thomas léèrè nípa òwò ẹrú; gbogbo àwọn ará ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìlà díẹ̀ ni Jane kọ nípa rẹ̀, kò sì wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ronú yóò rí i pé ẹni tí a ń gbé lọ́wọ́ ni ó rántí àwọn tí a ń fi tipátipá mú ṣiṣẹ́.

Emma ni ó dùn mọ́ mi jù. Emma Woodhouse lẹ́wà, ó lówó, ó sì gbọ́n. Ní ìlú rẹ̀ ni Míìsì Bates wà, ọmọ àlùfáà tí ó ti kú, tí kò lọ́kọ, tí òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó ń gbé nínú yàrá háyà. Ọlọ́rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò ní àrankàn sí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ ṣe fàájì ní orí òkè Box Hill, Emma fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ rẹ̀ dá àpárá níwájú gbogbo ènìyàn. Ojú obìnrin náà pọ́n, ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀gbẹ́ni Knightley, ọ̀rẹ́ Emma, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bá a wí: bí Míìsì Bates bá jẹ́ olówó, àwàdà ni à bá pè é, ṣùgbọ́n tálákà ni, ó ti rí ọjọ́ tí ó sàn ju èyí lọ, ó sì lè tòṣì jù báyìí lọ kí ó tó kú. Emma sunkún dé ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ kí obìnrin náà nílé rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹni tí Míìsì Bates jẹ́. Ọmọ àlùfáà, tí kò lọ́kọ, tí ń bá ìyá rẹ̀ opó gbé, tí àánú àwọn ẹlòmíràn ń mú dúró: ṣé kì í ṣe ipò Jane Austen fúnra rẹ̀ ni èyí? Jane ní ẹnu mímú bí Emma. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ tí ó kù, bí 160, fi í hàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò Míìsì Bates ni ó wà. Nítorí náà ni ó ṣe mọ bí ẹ̀dùn àpárá náà ti rí lára ẹni tí ó dá a àti lára ẹni tí a dá a sí.

Ikú Rẹ̀ àti Orúkọ Rẹ̀

Bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lára ìwé, àṣírí ti ń tú. Ẹni tí ń jọba ní ipò baba rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà fẹ́ràn àwọn ìwé náà, a sì jẹ́ kí Jane mọ̀ pé ó lè ya Emma sí mímọ́ fún un. Ní ọdún 1816, olùtọ́jú ìwé ọmọ ọba yìí dá a nímọ̀ràn pé kí ó kọ ìtàn ńlá nípa ìdílé ọba kan ní ilẹ̀ Jámánì. Jane dúpẹ́, ó sì fèsì pé òun kò lè ṣe é. Ọ̀nà tí òun mọ̀ ni òun yóò máa tọ̀. Bí a bá gún iyán nínú odó ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ní ọdún náà ni àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí mú un, báńkì Henry sì fọ́ ní oṣù Kẹta, tí owó àwọn ará ilé bá a lọ. Síbẹ̀ ó parí Persuasion, ìtàn Anne Elliot, ẹni tí ó yàn láti lọ kí opó tálákà tí ara rẹ̀ kò yá, ní ọjọ́ tí baba rẹ̀ fẹ́ kí ó bá òun lọ kí ọlọ́lá. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1817, a gbé Jane lọ sí Winchester láti wà nítòsí oníṣègùn. Níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 18, oṣù Keje, ní ẹni ọdún 41, Cassandra sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú Kàtídírà ìlú náà ni a sin ín sí. Òkúta ibojì rẹ̀ yin ìfẹ́ rẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ àti ọgbọ́n orí rẹ̀. Kò sọ pé ó kọ ìwé kankan. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Persuasion àti Northanger Abbey, ìwé pọ́n-ùn mẹ́wàá ọjọ́sí, jáde pọ̀. Nínú rẹ̀ ni Henry ti sọ orúkọ àbúrò rẹ̀ fún ayé. Ọdún 1872 ni a tó kan idẹ mọ́ ògiri Kàtídírà náà tí ó sọ pé òǹkọ̀wé ni. Ní ọdún 2017, tí ó pé 200 ọdún tí ó ti kú, Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àwòrán rẹ̀ sí ara owó pọ́n-ùn mẹ́wàá, iye kan náà tí òǹtẹ̀wé san fún ìwé tí kò tẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀kọ́ méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí gbogbo nǹkan yóò pé kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ tí a fi rán yín sáyé. Obìnrin yìí kò ní owó, kò ní yàrá, kò sì ní ilé-ìwé gíga. Ohun tí ó ní ni pépà kékeré, ojú tí ń ríran, àti sùúrù. Èkejì ni ó tóbi jù. Gbogbo yín ni yóò di ẹni tí ẹlòmíràn ń gbé abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan: àbúrò, opó ẹbí, ọmọ tí a mú wá láti ilé tálákà, àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá ṣèlérí fún wọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dínkù lójú yín lójoojúmọ́ bí ti John. Bí ẹ bá ní iná nínú yàrá yín, ẹ wò ó bóyá ó wà nínú tiwọn. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọmọlúwàbí, kì í ṣe ní òde níbi tí àwọn ènìyàn gbé ń pàtẹ́wọ́.